Ẹsẹ̀ La Fi Ń Wa Spitfire

Ẹni tó ń wa Boeing nínú simulator, ìyẹn géèmù tí èèyàn fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, lè ká ẹsẹ̀ sórí àga kó máa jẹ gúgúrú, kí ẹ̀rọ máa gbé e lọ sí Àbújá. Ẹni tó bá yan bàálù ogun ayé ogun Hítílà, irú Spitfire, Bf 109, Mustang tàbí Yak, kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú kó tó gbé e kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rà pé kó fi joystick, ọ̀pá ìdarí olówó gọbọi yẹn, sílẹ̀ ná, kó lọ wá pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti yí imú bàálù. Wọn kì í fẹ́ gbọ́. Orí tábìlì ni joystick ń gbé, gbogbo ayé ló ń rí i. Abẹ́ tábìlì ni ti pẹ́dàlì, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram.

Súrùlérè ni mò ń gbé, nínú fúláàtì oníyàrá méjì kan tí kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Igun kan nínú pálọ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi. Alẹ́ ni mo máa ń fò, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Bí iná bá lọ, ínfátà á gbé kọ̀ǹpútà fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, tó bá ti lè jẹ́ kí n balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tán. Ẹni tó ń jà lókè Stalingrad tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù lẹ́tìí fèrèsé rẹ̀ kò tún nílò kí wọ́n fi ìró ẹ́ńjìnnì kún un.

Àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ Èkó nínú bàálù ogun àwọn òyìnbó. Ó kàn wá dáadáa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, bàálù ogun Hurricane mẹ́fà àti Blenheim kan tó ń mọ̀nà fún wọn gbéra ní Takoradi, ní Gold Coast ìgbà náà, wọ́n forí lé Íjíbítì. Inú àpótí ni wọ́n máa ń kó àwọn Hurricane wọ̀nyẹn sí lórí omi, Takoradi ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Ibùdó àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yẹn ni Èkó. Lẹ́yìn ibí ló kan Kánò, lẹ́yìn Kánò ló kan Màídúgùrì, kí wọ́n tó kọjá sí Sùdáánì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló tọ ọ̀nà náà kí ogun tó parí. Nígbà kan náà, 5,000 pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá lé Spitfire kan fún ìlú tó bá fẹ́ dáwó rà á, àwọn ará Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó dáwó. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, jàǹbá bàálù ló sì pa á ní 1945. Ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, kó lọ bi àwọn bàbá wa ná.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹsẹ̀.

Ẹ wo Spitfire tó ní ẹ́ńjìnnì Merlin, tó dúró lójú ọ̀nà, tó fẹ́ gbéra. Bí ẹ bá wà níjòókòó awakọ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni ẹ ó ṣe rí i tí abẹ̀bẹ̀ iwájú ń yí. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ yẹn ń tì sẹ́yìn kì í lọ gbọọrọ. Ńṣe ló ń lọ́ yí ara bàálù ká bó ṣe ń sá lọ sẹ́yìn, ó sì ń gbá ìrù tó dúró lóòró lápá òsì. Bí wọ́n bá gbá ìrù lápá òsì, ọ̀tún ni ìrù ń yà sí, imú á sì yà sí òsì. Ìyẹn kan. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí abẹ̀bẹ̀ tún ń fẹ́ yí bàálù fúnra rẹ̀ sí òdìkejì, kí táyà òsì máa wúwo mọ́lẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Òsì náà nìyẹn. Nítorí pé ìrù wà nílẹ̀ tí imú sì wà lókè, ewé abẹ̀bẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún ń fa afẹ́fẹ́ ju èyí tó ń gòkè lápá òsì lọ. Òsì ni ìyẹn náà ń tì wá sí. Nígbà tí eré bá wá pọ̀ tó, tí ìrù gbéra nílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí kíkankíkan yẹn á ṣe bí òkòtó tí ọmọdé fọwọ́ tì níwájú tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wo? Òsì ni.

Nǹkan mẹ́rin ń fa bàálù sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì wà láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára rudder, pátákó ẹ̀yìn ìrù tí pẹ́dàlì ń yí, ń lágbára sí i, èyí tẹ́ ẹ nílò á sì máa dín kù. Tí ẹ kò bá dẹ ẹsẹ̀ lásìkò, ọ̀tún ni ẹ ó bára yín, nínú koríko. Ẹ ó tẹ̀, ẹ ó dẹ̀, ẹ ó tún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún dẹ̀ ẹ́ ní ìdajì ohun tẹ́ ẹ tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti ń mọ̀ bóyá pẹ́dàlì tóun rà dára.

Táyà kékeré tó wà lábẹ́ ìrù tún dá ìyọnu tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn táyà ńlá méjì wà níwájú ibi tí ìwúwo bàálù pọ̀ sí. Bí ìrù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ìwúwo ẹ̀yìn á fẹ́ sá kọjá iwájú, bàálù á sì pòyì lójú kan, apá á gbálẹ̀. Bf 109 ló burú jù nínú àwọn tí mo ti wà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Hurricane rọrùn díẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ jìnnà síra.

Bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Mustang ní ohun ìtúnṣe rudder tí awakọ̀ lè yí láti ibi tó jókòó sí, ìwé ìlò rẹ̀ sì ní kí wọ́n yí i sí digíríì 6 lápá ọ̀tún kí wọ́n tó gbéra. Spitfire náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ Bf 109 kò ní nǹkan kan tó lè yí fún rudder nígbà tó bá ti gòkè: pátákó irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni mẹkáníìkì máa ń tẹ̀ síbi tó yẹ nílẹ̀, ó parí. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Bí ẹ bá ki orí bọlẹ̀ tí eré pọ̀ jù, ẹsẹ̀ òsì. Àwọn Spitfire tó dé lẹ́yìn, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Griffon, òdìkejì ni abẹ̀bẹ̀ tiwọn ń yí sí, bẹ́ẹ̀ náà ni Tempest. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti mọ́ Merlin lára á kọ́kọ́ kó sínú igbó kó tó rántí pé òsì ló kàn.

Nígbà tí ẹ bá wá wà lókè, tí ẹ fẹ́ yìnbọn, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nínú gíláàsì níwájú awakọ̀. Tí bọ́ọ̀lù yẹn kò bá sí láàárín, bàálù ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, ọta ìbọn yín á sì bá a yọ̀, bó ti wù kí ojú ìbọn dúró sára ọ̀tá tó. Nínú ogun yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ pé kí wọ́n tún ìbọn apá àwọn tò, kí ọta wọn máa pàdé ní yáàdì 250 dípò 400 tí wọ́n fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyọ̀ díẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí gbogbo ọta gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mo mọ àwọn tó ń bínú sí géèmù pé ìbọn rẹ̀ kò dára. Ẹsẹ̀ wọn ni kò dára.

Joystick tí wọ́n ń lọ́ lọ́rùn dípò pẹ́dàlì ńkọ́? Ó wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń lò ó torí pé òun náà ló bá joystick wá nínú páálí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọwọ́ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá lọ́ ọ láti ti imú sí ọ̀tún, ọrùn ọwọ́ yín á tẹ ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀, apá bàálù á sì tẹ̀. Fún ẹni tó ń wa bàálù tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ imú, ó lè pẹ́ kó tó dà á láàmú. Fún ẹni tó ń wa Bf 109, kò ní pẹ́.

Nísinsìnyí, pẹ́dàlì wo? Kí n tó dárúkọ èyíkéyìí, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò ni àárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì tí kò wọ́n ni wọ́n ṣe kòtò sí láàárín: ẹ gbọ́dọ̀ fi agbára tì í kó tó kúrò níbẹ̀, bó bá sì ti kúrò, á fò lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ Boeing kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ó tiẹ̀ dùn mọ́ ọn, torí ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e láìmì. Àwa tí à ń wa bàálù àtijọ́, etí àárín yẹn gan-an là ń gbé. Nǹkan tí à ń fi ẹsẹ̀ ṣe nígbà tí à ń tẹ̀lé ọ̀tá kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìrìn pẹ́dàlì lọ. Bí kòtò bá wà níbẹ̀, ẹ ó máa fò ó síwá sẹ́yìn, imú bàálù á máa jù bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Ohun tí mo bá fẹ́ mọ̀ nípa pẹ́dàlì tí mi ò tíì rí rí, fídíò ni mo ń wá níbi tí ẹnì kan ti ń rọra tì í kúrò láàárín. Gbogbo ìyókù, iná aláwọ̀ mèremère àti orúkọ ńlá, mi ò kà á sí.

Irú ìrìn rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń yọ́ lórí irin tín-ín-rín, wọ́n ń lọ síwájú-sẹ́yìn bí dúrọ́ọ̀. Tí wọ́n bá wà ní tuntun, wọ́n dùn. Nígbà tó bá yá, ara irin á gbẹ, ẹsẹ̀ á máa há kó tó já lójijì. Òróró silicone ló yẹ irú wọn, kì í ṣe gíríìsì mẹkáníìkì, torí irú gíríìsì bẹ́ẹ̀ lè ba àwọn ike kan jẹ́. Àwọn mìíràn ń fì láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀ lórí béárìnì, ìyẹn ni ẹsẹ̀ mi fẹ́ràn jù. Kò sí ibi tó ń há.

Àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì náà ṣe pàtàkì, bí wọn kì í tilẹ̀ sọ ọ́ nínú ìpolówó. T.Flight Rudder Pedals ti Thrustmaster, tí ó jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà wọlé, fún ẹsẹ̀ mọ́ra púpọ̀. CH Pro Pedals náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sanra, tàbí tó ga, eékún rẹ̀ á máa gbá ọ̀pá joystick tó bá wà láàárín itan. Ti Logitech fẹ̀ jù wọ́n lọ, ó sì ní ohun tí wọ́n ń yí láti mú kó le tàbí kó rọ̀. Saitek ló ṣe é tẹ́lẹ̀. Logitech ra iṣẹ́ náà ní 2016, wọ́n sì pa orúkọ dà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eruku. Nínú àwọn pẹ́dàlì olówó pọ́ọ́kú, ohun tó ń ka ìrìn ẹsẹ̀ jẹ́ irin kékeré tó ń fi ara ha ojú ọ̀nà dúdú kan, irú èyí tó wà nínú ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn rédíò àtijọ́ sókè. Ẹni tó bá ti ní rédíò bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí eruku bá wọ̀ ọ́: kírà-kírà-kírà. Nínú bàálù, kírà-kírà yẹn á di rudder tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ kan péré ni pẹ́dàlì mi àkọ́kọ́ fara dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, orúkọ ẹni tó ṣe é kò ṣe pàtàkì torí bí gbogbo irú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Èyí tó yẹ ká máa wá ní ìlú eruku bíi tiwa ni èyí tó ń lo irin òòfà àti sensor Hall, tí nǹkan kan kò fara kan nǹkan kan. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló rí ohun tí wọ́n gbé e kà ní 1879, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ́ńjìnnì gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé Erékùṣù tàbí Lẹ́kí, ẹ fi iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kún eruku. Kí ẹ wo ìdè rẹ̀ dáadáa bóyá èyí tó ń dípẹtà ni.

Bíréèkì orí ìka ẹsẹ̀ ni ohun tí àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàálù tí ẹ fẹ́ràn ti dáhùn ìbéèrè náà. Spitfire àti Hurricane kò ní bíréèkì lórí pẹ́dàlì. Ọwọ́ kékeré kan ló wà lára ọ̀pá ìdarí, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere; bí ẹ bá fún un, afẹ́fẹ́ á lọ sí táyà méjèèjì, ẹsẹ̀ tí ẹ bá tì síwájú ló máa sọ táyà tí bíréèkì rẹ̀ máa pọ̀ jù. Yak àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà fi bíréèkì sórí pẹ́dàlì: Bf 109, Fw 190, Mustang, Thunderbolt. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ pé Spitfire nìkan ló ń wà títí ayé, T-Rudder ti VKB tí kò ní bíréèkì rárá ti tó o. Ó kéré, irin ni, kò gbàyè. Ẹni tó bá fẹ́ máa wọ inú gbogbo bàálù tí géèmù bá gbé wá, kó má dán an wò.

Spitfire gidi tún ní nǹkan kan tí mi ò tíì rí lára pẹ́dàlì tí wọ́n ń tà fún ilé: ibi ìgbẹ́sẹ̀lé méjì, ọ̀kan lókè èkejì. Bí ogun bá le, awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ sí ti òkè kí itan rẹ̀ lè ga, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tètè sá kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń yí gírígírí. Nínú pálọ̀ mi ẹ̀jẹ̀ kò sá lọ síbi kankan, mo kàn fẹ́ràn láti mọ̀ ọ́n ni.

Lókè pátápátá nínú ọjà ni MFG Crosswind wà, tí èèyàn lè pààrọ̀ irin tó ń sọ bí àárín rẹ̀ ṣe máa rí, àti TPR ti Thrustmaster, tó ń fì láti òkè tó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò méje. Àwọn méjèèjì dára. Mi ò ra ìkankan nínú wọn, ìdí tí mi ò fi rà á sì ni ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí.

Táìlì ni ìdí náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ nípa pẹ́dàlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kápẹ́ẹ̀tì òyìnbó ni wọ́n ń gbé. Ilé Èkó, táìlì ni, táìlì tí wọ́n nù ní àárọ̀ yìí tó ń dán bí awò. Ẹ gbé pẹ́dàlì ike sórí rẹ̀, ẹ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí Spitfire ṣe fẹ́: pẹ́dàlì á sá lọ bá ògiri. Ẹ gbé e ti ògiri kó má lè sá mọ́: àga yín tó ní táyà lábẹ́ á sá sẹ́yìn. Agbára tó yẹ kó lọ sínú rudder ti lọ sínú àga. Mo ti rí ẹni tó fi okùn so àga mọ́ pẹ́dàlì, mo sì ti rí ẹni tó kó bàtà sábẹ́ táyà àga. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ á máa mọ̀ pé nǹkan ń mì, kò sì ní lè kọ́ bí a ṣe ń tẹ díẹ̀.

Ohun tí àwọn olówó fi ń borí táìlì ni ìwúwo. Pẹ́dàlì kílò méje kì í tètè sá. Ṣùgbọ́n kílò ni àwọn tó ń bá wa kó ẹrù láti Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù fi ń díye lé e. Ẹ san owó pẹ́dàlì ní dọ́là, ẹ san owó kílò ní dọ́là, kó tó dé Ìkẹjà kí kọ́sítọ́ọ̀mù tó wò ó bóyá ẹ̀yà ara bàálù gidi ni. Mo jókòó mo rò ó: èwo ni ọgbọ́n tó wà nínú kí n máa fi dọ́là gbé ìwúwo wọ Èkó? Irin pọ̀ ní Mushin.

Bí mo ṣe ra pẹ́dàlì tí kò wúwo nìyẹn, èyí tí àárín rẹ̀ mọ́, tí sensor Hall wà nínú rẹ̀, ní tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó lọ sí Kánádà tó sì fẹ́ tà gbogbo ohun tí kò lè wọ báàgì. Ẹ fi ọ̀nà yẹn sọ́kàn o. Àwọn tó ń jáde kúrò nílùú ló ń ta àwọn ohun èlò simulator tó dára jù, tí kò lábùkù. Wọn kì í sì ní àkókò láti fi dúnàádúrà. Computer Village náà ní tirẹ̀, ẹ ó rí joystick àti wheel eré ìje mọ́tò níbẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì rudder ṣọ̀wọ́n. Èyí tí mo rí níbẹ̀, ti mọ́tò ni wọ́n ń pè ní ti bàálù.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àgbàlagbà kan ní Mushin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ládípọ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ṣé ti ẹ̀rọ ìránṣọ nìyí?"

"Rárá, Bàbá, ti bàálù ni."

"Bàálù wo? Ibo lo gbé e sí?"

Mo fi fídíò hàn án lórí fóònù. Ó wo Hurricane tó ń pòyì nínú koríko, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á kò dúró sójú kan. Mi ò sọ fún un pé èmi ni. Ó ní ohun tí mo nílò ni pé kí àga àti pẹ́dàlì jẹ́ ọ̀kan, kí ẹnìkan má lè sá fún ìkejì. Irin onígun mẹ́rin méjì ló fi ṣe é, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ àga láti iwájú dé ẹ̀yìn, èkejì tó yọ́ sínú rẹ̀ tí pẹ́dàlì jókòó lé, pẹ̀lú ihò tí èèyàn lè fi bóòtù dè níbi tó bá bá gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Mo yọ táyà àga dànù. Ó ní kí káfíńtà gé pátákó lé e kí irin má bàa ha táìlì onílé. Ó tún tẹ ibi tí pẹ́dàlì jókòó sí sókè díẹ̀, kí iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ, torí, ó ní, bí ẹsẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ kò lè tì nǹkan dáadáa. Bàbá kò wọ inú Spitfire rí o.

Nǹkan yẹn wúwo ju TPR lọ ní ìlọ́po méjì, kò sì ju owó kílò ẹrù tí mi ò san lọ. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú pálọ̀. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé mo máa ń wọ bàtà kí n tó fò. Ó bi mí ní alẹ́ ọjọ́ kan pé ibo ni mò ń lọ. Ẹsẹ̀ lásán ń làágùn lórí ike ní ooru Èkó, á máa yọ̀. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ló dára jù. Bàtà tó nípọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

Ìtúnṣe inú géèmù kù díẹ̀. Nínú DCS, géèmù bàálù ogun kan, Mustang, Spitfire àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ibì kan tí géèmù ti ń ràn yín lọ́wọ́ láti gbéra, àti auto-rudder tó ń bá yín tẹ ẹsẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ pa méjèèjì lọ́jọ́ tí pẹ́dàlì bá dé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ̀yin àti géèmù ni ẹ ó jọ máa du rudder, ẹ ó sì rò pé pẹ́dàlì ni kò dára. TF-51, Mustang tí kò ní ìbọn, ọ̀fẹ́ ni nínú DCS. Òun ni kí ẹ fi kọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó náwó sí bàálù kankan. Ibi tí ẹsẹ̀ kì í ti ṣe nǹkan kan láàárín, ẹ dín in kù títí tí yóò fi di òdo bí sensor yín bá gbà. Tí ìrìn pẹ́dàlì yín bá kúrú, ẹ tẹ ìlà tí géèmù fi ń ka ìrìn rẹ̀ (curve) díẹ̀ kí etí àárín lè rọ̀; èmi fi í sí 20. Ẹni tí pẹ́dàlì rẹ̀ gùn, kó fi í sílẹ̀ ní gbọọrọ.

Ohun tí mo fi ń dán ìtúnṣe wò ni ọ̀nà àwọn Hurricane yẹn, Takoradi sí Ìkẹjà, nǹkan bíi 600 kìlómítà, nínú Microsoft Flight Simulator, pẹ̀lú Spitfire Mk IX. Òkun wà lápá ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Akrá, Lomé, Kútọnu, ẹ kò lè sọnù. Ó gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Bí sípíríńgì pẹ́dàlì bá le jù, orúnkún ọ̀tún á ti sọ fún yín kí ẹ tó kọjá Lomé, ẹ ó sì mọ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀. Bó bá sì rọ̀ jù, ìwúwo ẹsẹ̀ yín nìkan á máa ti imú kiri. Èyí kò hàn nínú ìjà ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àbúrò mi kan ní Yábàá ka gbogbo ìmọ̀ràn yìí lórí WhatsApp bí mo ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, mo ti mọ èyí tí mo máa rà." Ó lọ ra èyí tó ní bíréèkì ìka ẹsẹ̀ tó le jù lọ lọ́jà, pẹ̀lú kòtò láàárín. Yak nìkan ló ń wà. Mo ti ní kó tà á fún àwọn tó ń wa Boeing, ó ní òun ń rò ó.